Kí Ni Wọ́n Dán Wò Kí Wọ́n Tó Kọ "Sensitive Skin" Sára Ìpara?

Tí ọyẹ́ bá ti gbalẹ̀ ní Ìlọrin, tí ètè ń bẹ́, tí ojúgun funfun bí ẹni tó la inú eérú kọjá, kò sí àtẹ ìpara tí kì í tà. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan l'Ọ́jà Ọba, ẹ máa yẹ ike wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní pẹ́ rí èyí tí wọ́n kọ "for sensitive skin" sí, tàbí "dermatologically tested", tàbí "hypoallergenic", ìyẹn èyí tí wọ́n ní kì í tètè fa alẹ́jì. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ìgbàkugbà á mú un, á sanwó, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ẹnìkan ti bá òun tọ́ ọ wò.

Lóòótọ́, ẹnìkan tọ́ nǹkan wò. Ṣùgbọ́n kí ló tọ́ wò, lára ta ni, fún ọjọ́ mélòó? Ìyẹn ni wọn kì í kọ sára ike.

Ìbéèrè mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni láàbù máa ń bi ìpara. Ṣé ó ń jẹ́ kí omi dúró lára? Ṣé kì í ta ara? Ṣé ara ò ní kọ̀ ọ́ tó bá yá? Ṣé kò ní bàjẹ́ nínú ike? Ìpara lè yege nínú ọ̀kan kó fìdí rẹmi nínú èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á ṣì fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: "tested".

Omi tó ń jò lára

Ẹ wo ìkòkò amù, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń mọ ní Dada. Omi inú rẹ̀ máa ń rin jáde díẹ̀díẹ̀ lára ìkòkò. Awọ ara wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, òógùn ò sí níbẹ̀. Ìpele òkè pátápátá ni sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó tò léra ní bíi ìlọ́po 15 sí 20. Yàtọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò nípọn ju ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà lọ. Ọ̀rá tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ló ń dá omi dúró. Bí ọ̀rá yìí bá dín kù, yálà ọṣẹ líle ló fọ̀ ọ́ lọ tàbí bí wọ́n ṣe bí ẹni náà nìyẹn, amù ti sán. Omi á máa jáde, ohun tó ń ta ara á sì máa ráyè wọlé. Ọṣẹ dúdú wa tí a fẹ́ràn wà nínú ohun tó ń fa èyí: pH awọ ara, òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe kan tó, wà ní nǹkan bíi 4.5 sí 5.5, ti ọṣẹ dúdú sì sábà máa ń tó 9 tàbí 10. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ ẹlẹgẹ́ á mọ̀ kó tó nu omi tán.

Ẹ̀rọ méjì ni láàbù ń lò láti wọn omi yìí. Èyí àkọ́kọ́ dà bíi bírò tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á tẹ orí rẹ̀ mọ́ awọ ara fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà á sì yọ. Bí iná mànàmáná ṣe ń dúró sí nínú omi tó wà lókè awọ ara ló ń wọ̀n. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò, ara tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tó 30 ti gbẹ gan-an. Ẹ̀rọ kejì dà bí ọ̀pá kékeré tó ní ihò látòkè délẹ̀. Wọ́n á gbé e dúró lórí apá, á máa ka iye omi tó ń fẹ́ jáde. Lápá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó máa ń wà láàárín gíráàmù 5 sí 10 lórí mítà onígun mẹ́rin kan láàárín wákàtí kan. Tí ìpara bá dára, nọ́ńbà àkọ́kọ́ á gòkè, ti èkejì á wálẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n kò ní fi ìpara kankan láti ọjọ́ kan ṣáájú. Tó bá dé, wọ́n á mú un jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, apá rẹ̀ ní ṣíṣí, nínú yàrá tí ooru rẹ̀ wà ní 20 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú 100. Ẹni tó bá sáré wọlé láti inú oòrùn, òógùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa kà. Wọ́n á ya onígun mẹ́rin kéékèèké sí inú apá rẹ̀. Wọ́n á fi ìpara sí àwọn kan ní ìwọ̀n mìlígíráàmù 2 sí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi wé e. Wọ́n á wá máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí dé mẹ́rìnlélógún.

Ibẹ̀ ni "24-hour moisture" ti ń jáde. Ohun tó ń sọ ò ju pé, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ibi tí wọ́n fi ìpara sí ṣì sàn ju ibi tí wọn ò fi nǹkan kan sí lọ. Ó lè fi díẹ̀ sàn, ó lè fi púpọ̀ sàn. Yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó ìdá 40 kì í sì í ṣe ọ̀sán oṣù January ní Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán. Glycerin, tó pọ̀ nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, omi ló ń fà mọ́ra, nọ́ńbà á sì fò sókè kíákíá lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ táútáú tí kò sì sí ọ̀rá tó bo glycerin náà, omi tó fà jọ á tún fò lọ.

Òrí àti Vaseline ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọn kì í mú omi wá, èyí tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń dé mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi òrí pa ara tó ti gbẹ láti àárọ̀, tó wá ń ráhùn pé òrí ò ṣe nǹkan kan, ìdérí ló fi dé ìkòkò òfìfo. Ẹ fi pa á nígbà tí ara ṣì rin lẹ́yìn ìwẹ̀, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ nu omi. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ sì ń sán, á ráyè fi díẹ̀ sí i lẹ́yìn àlùwàlá kọ̀ọ̀kan tí omi ò tíì gbẹ tán. Lójú tiwa, ìyẹn wúlò ju ìpara olówó gọbọi tí wọ́n ń fi lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lọ.

Títa

Láti ọdún 1944 ni wọ́n ti ń fi ehoro dán èyí wò: wọ́n á fá irun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ ọn, wọ́n á máa wo bó ṣe ń pọ́n. Ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin de ìdánwò ìpara lára ẹranko ní 2004, ó de ti èròjà inú ìpara ní 2009, nígbà tó sì di 2013, ó ní wọn ò gbọdọ̀ ta ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dán ẹranko wò.

Awọ tí wọ́n gbìn nínú láàbù láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ló rọ́pò ehoro. Ó wà nínú ife kékeré tí ojú rẹ̀ ò tó ti bọ́tìnnì ẹ̀wù. Nínú ọ̀nà kan tí àwọn láàbù ń tẹ̀ lé, wọ́n á da èròjà náà lé e fún wákàtí kan, wọ́n á ṣàn án kúrò, wọ́n á sì fi awọ náà sílẹ̀ fún wákàtí 42. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi aró ìyeyè kan sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣì wà láàyè á sọ aró yẹn di àwọ̀ elése àlùkò. Èyí tó bá ti kú ò lè ṣe é. Tí ohun tó yè ò bá ju ìdajì ti awọ tí wọn ò fi nǹkan kan sí lọ, èròjà náà ń ba ara jẹ́.

Ó dára, ó sì yára, ṣùgbọ́n awọ inú ife kò ní iṣan tí ń mọ ìrora. Sẹ́ẹ̀lì lè má kú, kí ojú ẹni tó fi ìpara náà ṣì máa ta bíi pé wọ́n fi ata rá a. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì torí pé nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìṣègùn jókòó ní 2017 láti túmọ̀ "sensitive skin", ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lára ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀: títa, jíjó, yíyún, látàrí ohun tí kò yẹ kó ta ẹnikẹ́ni. Ara náà lè dán gbinrin lójú ẹni tó ń wò ó.

Nítorí náà ìdánwò kan wà tó jẹ́ ti títa nìkan, tí àwọn oníṣègùn méjì gbé jáde ní 1977. Wọ́n á fi lactic acid, irú kíkan tó wà nínú wàrà tó ti kan, sí ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ó máa ń jẹ́ ìdá 5 tàbí 10 nínú 100. Ẹni náà á wá sọ bó ṣe ń ta á sí ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún: òdo tí kò bá ta rárá, 3 tí kò bá ṣeé fara dà. Àwọn tí ó ta ni wọ́n máa ń fi dán ìpara wò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe wàhálà yìí. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn pé, "Ṣé ẹ rò pé ara yín jẹ́ ẹlẹgẹ́?" Ẹni tó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wọlé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ara ike ṣe máa ń rí fún ọ̀nà méjèèjì.

Kíkọ̀

Títa àti kíkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó ń ta ara lè ta ẹnikẹ́ni bó bá ti pọ̀ tó, tí wọ́n bá sì ṣàn án kúrò, ó parí. Kíkọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní alẹ́jì, ara ló ń rántí. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni làálì dúdú tí wọ́n ń po aró irun mọ́ kó lè yára dúdú fún ìyàwó. PPD ni orúkọ èròjà inú aró yẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè má ṣe nǹkan kan. Ní ìgbéyàwó kejì tàbí ìkẹta, ọwọ́ á yọ ìléròrò tẹ̀ lé ìlà òdòdó tí wọ́n yà sí i. Ara ti dá a mọ̀, kò sì ní gbàgbé mọ́.

Torí pé ara nílò àkókò kó tó dá nǹkan mọ̀, ìdánwò ọjọ́ kan ò lè rí i. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ìpara ń lò máa ń gba bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n á lẹ ìpara náà mọ́ ẹ̀yìn ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lápapọ̀. Wọ́n á sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á tún wá lẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i sí ojú ibòmíràn tí kò tíì kan rí. Bí ara bá ti dá a mọ̀, ojú tuntun yìí ló máa tú àṣírí. Bíi ènìyàn 100 sí 200 ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò èyí. Ká ní wọ́n lò ó fún ènìyàn 100, kò sì sí ẹnì kankan tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìṣirò fi hàn pé ó ṣì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ẹni mẹ́ta nínú 100 nínú àwọn tó máa rà á lọ́jà á kọ̀ ọ́. Òdo lára 100 kì í ṣe òdo lára gbogbo ayé. Tí wọ́n bá ta ike 10,000, ó lè tó ẹni 300, ilé iṣẹ́ náà ò sì purọ́.

"Hypoallergenic" wá ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti ìpara, gbé òfin jáde ní 1975 pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdánwò hàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìpara gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fagi lé òfin náà ní 1977. Títí di òní, ohun tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ó túmọ̀ sí ló túmọ̀ sí níbẹ̀. "Dermatologically tested" náà lè má ju pé dókítà awọ ara bá wọn bójú tó ìdánwò kan, láìsọ èsì rẹ̀.

Ohun kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Pípọ́n ni wọ́n fi ń díwọ̀n irú ìdánwò tí wọ́n ń lẹ mọ́ ara yìí: ó pọ́n díẹ̀, ó pọ́n gan-an, ó pọ́n ó sì wú. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúdú sí i, tàbí kó rí bí àlùkò, tàbí kó dà bí eérú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kọ òdo sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi ìka pa á láti mọ̀ bóyá ó le, bóyá ó gbóná, bóyá kókó wẹ́wẹ́ sú sí i, á sì béèrè bóyá ó ń yún. Tí gbogbo àwọn tí wọ́n lò bá sì jẹ́ aláwọ̀ funfun, dúdú tó máa ń kù sílẹ̀ lára wa fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ara bá ti jinná, kò ní sí nínú èsì wọn.

Inú ike

Èyí ò pẹ́ ṣàlàyé, ó kàn jẹ́ pé wọ́n máa ń fojú fò ó. Láàbù á mọ̀ọ́mọ̀ da kòkòrò àìfojúrí sínú ìpara, 100,000 sí 1,000,000 nínú gíráàmù kan. Irú márùn-ún ni wọ́n máa ń lò, títí kan èyí tó ń mú nǹkan bu. Wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 7, 14 àti 28 bóyá ìpara náà ti pa wọ́n. Èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ìpara ló tún wà lára ohun tí ara ń kọ̀ jù. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ methylisothiazolinone: nígbà tí wọ́n fi kún ìpara káàkiri, alẹ́jì rẹ̀ pọ̀ débi pé láti 2017 ni Yúróòpù ti ní kó má sí nínú ohun tí a ń fi pa ara tí a kì í ṣàn kúrò. Tí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára ike, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

"No preservatives", pé kò sí èròjà tó ń pa kòkòrò nínú rẹ̀, kì í ṣe oríyìn fún ìpara tí omi wà nínú rẹ̀. Òrí kò nílò rẹ̀ torí pé kò ní omi, àyàfi tí ọwọ́ tútù bá ń wọ inú igbá rẹ̀. Ìpara tí wọ́n bù láti inú ike ńlá sí kékeré nínú oòrùn ọjà, ìdánwò inú láàbù kò bá a dé ibẹ̀. Bákan náà ni ìpara àpòpọ̀: ẹni tó bá da omi ewé tàbí òróró sí ìpara ní ìdajì-ìdajì, ó ti la èròjà ààbò rẹ̀ sí méjì, kò sì sí ẹni tó dán àdàlù yẹn wò rí. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀, ẹ sì máa wò ó, ṣùgbọ́n kò sọ pé wọ́n dán an wò lára ẹlẹgẹ́.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nílé

Gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, ara ẹlòmíràn ni. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Àwọn dókítà awọ ara ní irú rẹ̀ tó rọrùn, níbi tí a ti máa ń fi ìpara pa ojú kan lára láìlẹ nǹkan bò ó.

Inú apá lẹ máa lò, lókè ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé á ní ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe àlùwàlá á ti ṣàn án kúrò kó tó di ìrun ọ̀sán. Ẹ wọn ojú tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta ní ìbú àti ní òró. Ẹ bu ìpara tó tó ìdajì ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ rọra fi pa á, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje gbáko. Ẹ má fi nǹkan kan sí apá kejì. Ìpara kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ ìpara rí, kó ṣe é dé ọjọ́ 14. Tó bá kọjá ibẹ̀ láìsí ìjàngbọ̀n, ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fi pa gbogbo ojú.

Tó bá ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì lọ, títa nìyẹn: ẹ lè tún un gbìyànjú nígbà tí ara bá ti sàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí yún, tí kókó wẹ́wẹ́ sú, tó tún ń kọjá ojú ibi tí ẹ fi í sí, kíkọ̀ ni. Ẹ ṣàn án kúrò, ẹ má tún un dán wò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi í lẹ́ẹ̀kan sẹ́yìn etí lálẹ́ ọjọ́ kan, kó jí, kó ní kò sí nǹkan. Èkejì ni kó fi pílásítà bò ó. Tó bá jẹ́ ọṣẹ lẹ fi pílásítà bò fún odindi ọjọ́, ara ẹnikẹ́ni ló máa bó, kò sì sọ nǹkan kan nípa ọṣẹ náà. Ẹ̀kẹta burú jù: àwọn ìpara kan tí wọ́n ń pò tà ní stẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol nínú láìkọ ọ́ síta. Stẹ́rọ́ìdì ni oníṣègùn fi ń pa alẹ́jì awọ ara, torí náà irú ìpara bẹ́ẹ̀ á yege nínú ìdánwò ilé yìí wẹ́rẹ́, á tiẹ̀ wo ìyún tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a dúró ni gbogbo rẹ̀ máa tú padà. Ìpara tó bá wo ara yíyún láàárín ọjọ́ méjì, tó sì tún ń mú ara pọ́n bí òyìnbó, ẹ fura sí i.

Tó bá di ti ilé ìwòsàn, ìdánwò tí wọ́n máa ṣe fún yín ni èyí tí Josef Jadassohn, oníṣègùn ará Jámánì, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1895. Wọ́n á fi èròjà kọ̀ọ̀kan sínú àwo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mìlímítà 8, wọ́n á lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn yín lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á ṣí i lọ́jọ́rú, wọ́n á tún wò ó lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà mìíràn wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ keje. Omi ò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn títí wọ́n á fi wò ó tán. Àlùwàlá ò dí i lọ́wọ́, ìwẹ̀ ló ń dí i, àti iṣẹ́ tó ń mú òógùn jáde, torí pé òógùn á ṣí i kúrò. Ẹ gbé ike ìpara náà dání pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ má kàn bu díẹ̀ sínú ọ̀rá lọ. Dókítà ò lè mọ ohun tó wà nínú ìpara nípa fífi imú gbọ́ ọ.